Ooru Inú Ṣọ́ọ̀bù: Kí Ẹ Tó Lẹ Ọ̀rá Mọ́ Gíláàsì, Ẹ Gbọ́ Tèmi Ná

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lójoojúmọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù tí iwájú rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọ̀rọ̀ owó wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń náwó lórí ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tíǹtì, kí ooru lè dínkù. Àwọn kan náwó, ooru dínkù lóòótọ́. Àwọn mìíràn náwó, òkùnkùn ni wọ́n rà, ooru ò lọ síbì kankan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ, torí mo wádìí rẹ̀ dáadáa kí n tó fọwọ́ kan owó àjọ mi.

Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn, aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Gíláàsì ńlá mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀, kéékèèké méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán títí di aago mẹ́fà, oòrùn á wọlé tọ̀ wá bí àlejò tí a ò pè, á jókòó, kò ní lọ. Irin orí máṣíìnì á gbóná débi pé a ò ní lè gbé ọwọ́ lé e. Gèlè tí mo gbé kọ́ síwájú káwọn oníbàárà lè máa rí i ti ṣá: apá tó kọjú sí oòrùn di ràkọ̀ràkọ̀, apá kejì ṣì ń dán. Nígbà tó wá di oṣù kejì ọdún, tí ooru Ìbàdàn máa ń le, òòyì kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé máṣíìnì. Mo rán an lọ sílé, mo ní kó má wá lọ́sàn-án mọ́. Ṣùgbọ́n òun gan-an lọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn, aṣọ ẹbí ènìyàn 36 sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà kí Ìtúnu Àwẹ̀ tó dé.

Ọkọ mi ní ká ra ẹ̀rọ amúlétutù. Mo ní, baba, kí la máa fi owó iná rẹ̀ san? Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Epo bẹntiróòlù náà ti di ọ̀wọ́n gógó látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lọ́dún 2023. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí èèyàn máa tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé tí oòrùn ń gba gíláàsì wọ̀ ní tààrà, bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àjọ mi bọ́ sí i lọ́wọ́ mi. Máṣíìnì tí à ń fi wé etí aṣọ ni mo fẹ́ fi í rà. Bí mo bá máa yọ nínú owó yẹn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ooru ń gbà wọlé

Kí ẹ tó pe onítíǹtì kankan, ẹ dán nǹkan kan wò tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí oòrùn wà lókè gan-an tí kò tíì kan gíláàsì yín, ẹ dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Bí ooru bá ń ti òkè bọ̀, tó ń ta yín lórí, páànù ni ọ̀tá yín, kì í ṣe gíláàsì. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní àjà, tó jẹ́ páànù nìkan ló bò ó, kò sí ọ̀rá tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀ tó máa wò ó sàn. Àjà ni kí ẹ fi owó yín kàn. Ṣùgbọ́n bí ara bá tù yín díẹ̀ ní aago méjìlá, tó wá jẹ́ pé ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ tó fara kan gíláàsì ni ooru máa ń dà wọlé, a jẹ́ pé gíláàsì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tèmi nìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa níbí, gíláàsì tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà jù, torí pé oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wà nísàlẹ̀, á máa wo inú ilé ní tààrà. Ti ìwọ̀-oòrùn ló sì burú jù, nítorí pé nígbà tó bá fi máa dé, gbogbo afẹ́fẹ́ ìta ti gbóná tẹ́lẹ̀. Gíláàsì tó kọjú sí gúúsù máa ń rí oòrùn tirẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ti èyí tó kọjú sí àríwá ló fúyẹ́ jù. Nítorí náà, bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Kò pọn dandan kí ẹ lẹ gbogbo ilé.

Ẹ tún gbọ́ o. Ohunkóhun tó bá dí oòrùn lọ́nà kó tó kan gíláàsì dára ju ohun tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì lọ. Igi ni o, ìbòrí páànù ni o, tapólì tí a ta síwájú ni o, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: ooru ò ní dé ẹnu ọ̀nà rárá. Ẹni tó bá ní àyè níwájú, tó sì dá a lójú pé ìjọba ò ní wá wó o dànù, kó kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Èmi ò ní àyè yẹn. Ẹ̀bá títì ni mo wà, gọ́tà ló tẹ̀lé ilẹ̀kùn mi.

Ẹ̀yin tí fèrèsé yín jẹ́ lúfà, tí ẹ máa ń ṣí i sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín. Ọ̀rá tó wà lára gíláàsì kò lè dí oòrùn tó ń gba àárín gíláàsì wọlé. Fèrèsé tó máa ń wà ní títì, tàbí gíláàsì tó dúró gbagidi bíi ti iwájú ṣọ́ọ̀bù, ni ọ̀rá ti ń ṣiṣẹ́.

Òkùnkùn kọ́ ló ń lé ooru

Ibi tí wọ́n ti ń mú wa nìyí. Alhájà tó ń ta ìpara lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n lọ ra èyí tó dúdú jù, pé bó bá ti dúdú tó náà ló ṣe ń lé ooru tó. Mo ní, Alhájà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wádìí.

Nígbà tí mo wádìí, mo gbọ́ pé ohun mẹ́ta ló wà nínú oòrùn tó ń wọlé tọ̀ wá. Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ìkejì ni ooru tí ojú ò rí. Bí ẹ bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán ààrò, tí ẹ ò fọwọ́ kan iná, ooru tó ń ta yín lójú yẹn, irú rẹ̀ náà ni. Nínú gbogbo agbára oòrùn, ooru tí ojú ò rí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìkẹta jẹ́ ìtànṣán kan tó kéré jọjọ, tí ojú ò rí òun náà, ṣùgbọ́n òun ló burú jù fún aṣọ, òun náà ló ń ba awọ ara jẹ́.

Ó wá yé mi. Ọ̀rá tó kàn dúdú lásán lè dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, kó sì jẹ́ kí ooru tí ojú ò rí kọjá lọ geere. Ilé á ṣókùnkùn, ẹ ó máa tan gílóòbù lọ́sàn-án gangan, ara á sì tún máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá mìíràn wà tó mọ́ díẹ̀, tí ẹ ṣì lè ti abẹ́rẹ́ bọ òwú níwájú rẹ̀, tó jẹ́ pé ooru ló ń dí. Ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń ṣe irun, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ojú ni gbogbo wa fi ń ṣiṣẹ́. Kí ni à ń fi òkùnkùn ṣe?

Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n máa ń pè mọ́ ọ̀rá: 5, 20, 35, 50, 70. Ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú. Iye ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí wọ́n bá ní 20, ìmọ́lẹ̀ 20 nínú 100 ló máa wọlé. 5 ló dúdú jù, 70 mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bíi gíláàsì lásán. Nọ́ńbà yìí kò sọ ohunkóhun fún yín nípa ooru. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń sọ.

Nọ́ńbà ooru, ẹ ní láti béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sì bi wọ́n dáadáa. Àwọn olùtajà kan á ní, “Mọ́mì, tiwa ń dá ooru 90 nínú ọgọ́rùn-ún padà!” Irọ́ kọ́ ni gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ooru tí ojú ò rí nìkan ni wọ́n ń sọ, ìyẹn sì jẹ́ bí ìdajì agbára oòrùn. 90 nínú ìdajì kò ju 45 lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: “Nínú gbogbo agbára oòrùn pátá, èló ni ọ̀rá yìí ń dá padà?” Nọ́ńbà yẹn máa ń wà nínú ìwé tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọ̀rá náà kọ. Bí olùtajà kò bá mọ̀ ọ́n, tí kò sì ní ìwé kankan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ.

Ní ti ìtànṣán tó ń ba aṣọ jẹ́, ọ̀rá tó dáa máa ń dí tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kódà bí ọ̀rá ọ̀hún mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ta léèsì àti áńkárá, ẹ má gbà pé aṣọ kò ní ṣá mọ́ láéláé. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru náà ń bá a ṣe é. Yóò pẹ́ kó tó ṣá ni, kò ní ṣàì ṣá bó bá wà nínú oòrùn títí.

Irú ọ̀rá tó wà nígboro

Irú mẹ́ta ni mo rí.

Èyí tó wọ́n kéré jù ni èyí tí wọ́n fi aró pa. Ẹ̀yin aládìrẹ, aró yé yín ju èmi lọ. Aró tí kò jinná máa ń ṣí, ti inú ọ̀rá náà ń ṣí. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹ ó rí i tó di àwọ̀ àlùkò, tó ń wú bí pọ̀pọ̀pọ̀. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀, ó ń dín ooru kù díẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ooru yẹn ni gíláàsì máa gbà sára, tó máa wá tún un tú sínú ilé.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n fi irin tó fẹ́lẹ́ gan-an tẹ́ inú rẹ̀. Ó máa ń dán bíi díńgí. Ó ń dá ooru padà dáadáa, ó sì máa ń tọ́jọ́ ju aláró lọ. Lọ́sàn-án, ará ìta ò ní rí yín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ tan iná, ọ̀rọ̀ á yí padà: ará ìta á máa wò yín kedere, ẹ̀yin lẹ ò ní rí wọn. Ẹni tó ń wọn aṣọ fún obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, kó fi kọ́tìnì sí i. Irin yẹn sì lè dín agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kù.

Ìkẹta ni wọ́n ń pè ní sèrámíìkì. Kò ní irin, kò gbára lé aró. Èyí tó dáa nínú rẹ̀ ń dí ooru tí ojú ò rí gan-an, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Òun ló wọ́n jù. Ẹ sì ṣọ́ra, torí pé gbogbo olùtajà ló mọ orúkọ yẹn lónìí, wọ́n á fi orúkọ sèrámíìkì ta aláró fún yín.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Àwọn kan máa ń gbé gílóòbù kan tó gbóná jáde, wọ́n á ní kí ẹ fi ọwọ́ sẹ́yìn ọ̀rá. Gílóòbù kì í ṣe oòrùn. Ohun tí èmi ṣe nìyí: mo ní kí oníkálukú fún mi ní àgékù ọ̀rá tirẹ̀ tó tó ojú ìwé méjì. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ wọn mọ́ gíláàsì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wá ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí òjìji ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í purọ́. Èyí tó dúdú jù nínú gbogbo wọn kọ́ ló tutù jù.

Ìṣirò owó: bíi rírán aṣọ ni

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo ibẹ̀ kò tilẹ̀ wọn nǹkan kan. Ó kàn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Mọ́mì, ẹ mú 150,000 wá, ṣe lẹ ó máa gbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù.” Mo ní, “Ọmọ mi, o ò tíì wọn gíláàsì, báwo lo ṣe mọ iye?” Ó ní ojú àwọn ti mọ́ ọn. Mo ní, “Èmi náà télọ̀ ni. Bí mo bá fi ojú wọn oníbàárà, aṣọ rẹ̀ á há a láyà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ẹnì kejì gbé ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò wá. Ẹnì kẹta ló kúnlẹ̀, tó yọ téèpù, tó bi mí pé, “Ìyá, ìhà ibo lẹ kọjú sí?” Mo mọ̀ pé ẹni yìí mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n fi bí owó ṣe ń jẹ́ yé yín, torí pé ẹni tó bá ti ra aṣọ rí máa lóye rẹ̀. Ọ̀rá yìí máa ń wá ní ìdì bí ìdì aṣọ. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 60, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 5, ó sì gùn tó 100 ẹsẹ̀ bàtà. Gíláàsì iwájú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó ga ní 6. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 18. Gíláàsì mẹ́rin jẹ́ 72. Ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sùkúwíà fíìtì kan. Gíláàsì mi wá jẹ́ sùkúwíà fíìtì 72.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó máa bá a lọ kì í ṣe 72. Gíláàsì ga ní 6, ìdì fẹ̀ ní 5, kò ṣeé dá sí ẹ̀gbẹ́. Òró ni wọ́n máa gé e. Fún gíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ bàtà 6 lára ìdì tó fẹ̀ ní 5, ìyẹn 30. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 120. A lo 72, àgékù jẹ́ 48. Mi ò tíì ka ínǹṣì díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n máa ń gé dànù létí.

Ẹ wá wò ó. Ká kàn fi 1,000 náírà fún sùkúwíà fíìtì kan ṣe ìṣirò. Kì í ṣe iye ọjà o, àpẹẹrẹ ni. Ẹni tó bá ka gíláàsì máa gba 72,000. Ẹni tó bá ka ọ̀rá máa gba 120,000. Ìyàtọ̀ 48,000 wà níbẹ̀, lórí gíláàsì kan náà, lórí ọ̀rá kan náà! Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè pe iye kan náà fún sùkúwíà kan, kí owó wọn sì jìnnà síra. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n ni pé: “Ṣé gíláàsì lò ń kà ni, àbí ọ̀rá?” Kò sí èyí tó jẹ́ olè nínú méjèèjì, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ìbéèrè kejì: “Ta ló ni àgékù?” Télọ̀ tó bá gba owó gbogbo aṣọ lọ́wọ́ yín, ẹ máa bèèrè àgékù yín. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé bí mo bá máa sanwó 120, gbogbo 120 ló di tèmi. Ó gbà. Àgékù kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ó gùn ní 6. Gíláàsì kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fẹ̀ ní ínǹṣì 20, wọ́n ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Àgékù méjì bò wọ́n, mi ò ra ọ̀rá mìíràn. Méjì tó kù, Alhájà gbà wọ́n fún àpótí gíláàsì tó ń kó ìpara sí, owó iṣẹ́ nìkan ló san fún ọmọ náà.

Ìbéèrè kẹta: “Kí ló wà nínú owó tí o pè?” Owó ọ̀rá wà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Bí ọ̀rá àtijọ́ bá wà lára gíláàsì, wọ́n máa ń gba owó bíbó rẹ̀ lọ́tọ̀, torí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń fa wàhálà. Bí ó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó máa gba àkàsọ̀ tàbí àtẹ̀gùn gíga, owó á lé sí i. Owó ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ orúkọ ọ̀rá náà, kó kọ bí yóò ṣe ṣe é bí ọ̀rá bá ṣí tàbí tó wú láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ẹ má san gbogbo owó tán kí iṣẹ́ tó parí.

Mi ò ní dárúkọ iye tí mo san, nítorí ilẹ̀ òkèèrè lọ̀pọ̀ nínú ọ̀rá yìí ti ń wá, owó dọ́là ló sì ń darí rẹ̀. Iye tí mo bá dá lónìí lè di irọ́ lọ́la. Ẹni tó bá ti mọ ìṣirò, iye yòówù tí wọ́n bá pè, yóò lè bá wọn ná an.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá lẹ̀ ẹ́

Erukuru ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ní kùtùkùtù, kí títì tó dàrú. Ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbá ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa fi omi ọṣẹ fọ gíláàsì, á fi abẹ tuntun ha gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, á tún un fọ̀. Inú ilé ló máa lẹ̀ ẹ́ sí, àfi bí ìwé ọ̀rá náà bá sọ pé ti ìta ni. Á fi rọ́bà ti omi jáde láti àárín lọ sí etí.

Bí ó bá parí, ẹ lè rí ibi tí omi díẹ̀ ṣẹ́ kù sí lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn á gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n erukuru tó há sábẹ́ rẹ̀, tàbí ibi tó ká, kò ní lọ láéláé. Ìyẹn ni kí ẹ ní kó tún ṣe kó tó gbowó tó kù. Ẹ má fọ gíláàsì náà fún nǹkan bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, aṣọ múlọ́múlọ́ àti omi ọṣẹ ni kí ẹ máa lò. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn irin kàn án, ẹ má sì fi omi ìnugíláàsì tó ní amóníà nù ún.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Gíláàsì tó ti sán létí, tàbí èyí tó nípọn gan-an, tàbí èyí tí wáyà wà nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un. Ọ̀rá dúdú máa ń mú kí gíláàsì gbóná. Bí apá kan bá wà nínú oòrùn tí apá kejì wà nínú òjìji, ó lè là gbàràmù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mi ò fi gba ọ̀rá mọ́tò. Ẹ bi oníṣẹ́ yín, ta ló máa ra gíláàsì bí ó bá là?

Ẹ̀yin tí ẹ háyà ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún landlọ́ọ̀dù kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì da ti ilé pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀. Láti ọdún 1991 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ka gíláàsì dúdú léèwọ̀ lára ọkọ̀, àfi bí èèyàn bá ní ìwé àṣẹ nítorí àìlera tàbí ààbò. Òfin ọkọ̀ nìyẹn, kò kan gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ má fi àgékù yín lẹ mọ́tò o!

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀

Sèrámíìkì tó mọ́ díẹ̀ ni mo rà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ṣọ́ọ̀bù mi kò di inú fìríìjì. Ooru ṣì wà, fáànù ṣì ń yí. Ṣùgbọ́n oòrùn tó ń ta wá lára bí iná ààrò ní ìrọ̀lẹ́ ti rọlẹ̀. Irin máṣíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ti ṣeé fọwọ́ kàn ní aago mẹ́rin. A ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́ láìtan gílóòbù. Ọmọ iṣẹ́ mi padà wá lọ́sàn-án, mo gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí gíláàsì, mo sì fi omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé ọ̀rá kì í ṣe dókítà. Aṣọ ẹbí 36 parí nígbà tí Ìtúnu Àwẹ̀ ku ọjọ́ méjì. Máṣíìnì tí mo fẹ́ rà, ó di àjọ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ooru ń mú wa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ooru mú yín sáré ra òkùnkùn. Ẹ dúró ní aago méjìlá kí ẹ mọ ibi tí ooru ti ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán ọ̀rá wò nínú oòrùn gidi. Ẹ yọ téèpù. Ẹ béèrè bóyá gíláàsì ni wọ́n ń kà tàbí ọ̀rá. Kí ẹ sì gba àgékù yín lọ́wọ́ wọn. Owó tí a fi òógùn wá, ìṣirò la fi ń ná an.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní Ìbàdàn.